Gbogbo wọn ní bíríìjì ló wà níbẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwa kan la jọ ń ya máàpù àdúgbò wa sórí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè bá wọn yà, Mushin la wà báyìí. Ẹnìkan fa títì gba orí kànáàlì, ó ní bíríìjì wà níbẹ̀, làwọn tó kù bá ń fi àtàǹpàkò sí i, "òótọ́ ni", "ó dáa bẹ́ẹ̀". Ẹ̀yìnkùlé wa nibẹ̀ o! Pákó méjì ni wọ́n fi dábùú ẹ̀, Márúwá ò lè gbabẹ̀. Mo sọ, wọ́n ní ṣé èmi nìkan ló gbọ́n ni. Ṣé kí n dákẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Má dákẹ́ jàre, àbúrò mi. Ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ lóru lè tẹ̀lé títì yẹn. Mélòó nínú wọn ló ti débẹ̀? Èèyàn ogún tó gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo náà ni wọ́n. Ṣé o rántí 2014 tí Ebola wọ Èkó, tí fóònù ń dún lóru, ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò pé kó dìde kó fi omi iyọ̀ wẹ̀ kó sì mu nínú ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, bó ṣe ń wá láti ibi púpọ̀ ni gbogbo wa fi gbà á, àfìgbà tí iyọ̀ dá àwọn kan dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, àwọn mìíràn tiẹ̀ kú.

Orí púpọ̀ wúlò o, tí oníkálukú bá fojú ara ẹ̀ wò ó. Ní 1906, ní Plymouth nílùú òyìnbó, nǹkan bí 800 èèyàn ló sanwó láti méfò bí ẹran màlúù kan á ṣe wúwo tó tí wọ́n bá pa á tán (àwọn alápatà Agége ì bá ti jẹ owó yẹn), oníkálukú kọ tiẹ̀ sórí káàdì lọ́tọ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Francis Galton, to káàdì náà láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, èyí tó bọ́ sáàárín jẹ́ 1,207 páùn, ẹran ọ̀hún sì jẹ́ 1,198. Ká ní ńṣe ni wọ́n ń pariwo ẹ̀ síra wọn létí ńkọ́?

Torí náà, wá ẹnìkan tó ń gbé ìtòsí, má sọ tẹnu ẹ fún un, ṣáà ní kó lọ wò ó. Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ti dán an wò láyé 1950 sókè: ẹni tí gbogbo èèyàn ń ta kò lè bá wọn parọ́ lórí ohun tójú ẹ̀ rí kedere, àmọ́ tẹ́nìkan péré bá ti sòótọ́ ṣáájú ẹ̀, ẹnu ẹ̀ á là.

Wọn kì í dìbò lé títì lórí OpenStreetMap, ohun tó wà nílẹ̀ gan-an ni wọ́n ń yà. Ya fọ́tò pákó yẹn, sọ títì náà di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kọ ọjọ́ tó o débẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, kóun náà débẹ̀.