Orúkọ Ọmọ Mi Nínú Àdúrà Òru

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun bíi tèmi. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọdún 19. Láti ìgbà tó ti kó lọ sí yunifásítì, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, bí mo bá sì pè é, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó dá mi lóhùn. Oorun ti dá lójú mi. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ní ń sọ pé kí n fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti fi lé e lọ́wọ́, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ mo ti tún gbé e. Ṣé àìnígbàgbọ́ nìyẹn? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín? Èmi ni, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.

Ìdáhùn:

Arábìnrin mi, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó lè dáhùn, torí pé ohun tí wọ́n ń sọ fún yín yẹn, èmi náà sọ ọ́ fún ẹnì kan rí. Ọmọ mi obìnrin ni mo sọ ọ́ fún, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọmọ ọdún 15 ni nígbà yẹn. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, bàbá wọn ń ṣe tọ̀sán, ẹnu ọ̀nà la ti sábà máa ń rí ara wa. Tíṣà rẹ̀ pè mí pé kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ní kíláàsì. Mo bi í léèrè. Ó ní ẹ̀rù kan ń ba òun, òun ò mọ bí òun ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo gbá a mọ́ra, mo ní kó má bẹ̀rù, kó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, èmi náà á máa gbàdúrà sí i. Mo sì wo aago, torí ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ ti fẹ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Mo gbàdúrà náà, Ọlọ́run gbọ́. Gbogbo òru tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, tó bá ti di aago 12, mo ti wà lórí eékún ní pálọ̀, ògiri kan péré ló sì wà láàárín èmi àti yàrá rẹ̀. Yorùbá ni mo fi ń gbàdúrà. Mi ò ní èdè mìíràn tí mo lè fi sunkún níwájú Ọlọ́run. Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ọmọ yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, pé kó yọ ohun tó ń bà á lẹ́rù kúrò lọ́kàn rẹ̀, pé bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló fà á, kó dárí jì mí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mò ń fọ abọ́, ó wá dúró sẹ́yìn mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, torí èdè yẹn nìkan ló gbọ́. Ó ní gbogbo òru lòun ń gbọ́ orúkọ òun láti ẹ̀yìn ògiri, tí màmá òun ń ké tó sì ń sunkún. Kí lòun ṣe, tí mo fi ń lọ fẹjọ́ òun sun Ọlọ́run lóròòru?

Nínú gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn, orúkọ rẹ̀ nìkan ló yé ọmọ mi. Orúkọ rẹ̀ àti ẹkún mi.

Ó yẹ kí n jókòó, kí n sọ gbogbo àdúrà yẹn fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni, inú bí mi, mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí n má gbàdúrà mọ́ ni. Ó ní rárá, ó padà sí yàrá rẹ̀, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ọmọ kan ló ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ti rí ẹlòmíì sọ ọ́ fún.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé èmi ni mi ò kọ́ ọ ní Yorùbá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti iṣẹ́ òru dé bá ọmọ méjì tó ń múra ilé ìwé, èdè tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu tí wọ́n á fi tètè wọ bàtà ló máa sọ. Wọ́n tún sọ fún wa nílé ìwé wọn pé èdè kan ni ká máa bá wọn sọ, kó má bàa dàrú mọ́ wọn lójú. A gbà wọ́n gbọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ṣì ń gbèjà ara mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi ò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń tọrọ fún un.

Láti ìgbà yẹn, ìtàn Hánà, obìnrin tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ò tíì fi mí sílẹ̀. Ó wà nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 1. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ ò jáde, Élì àlùfáà sì rò pé ó ti mutí yó. Hánà ò bínú bí mo ṣe bínú. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀: mo ń tú ọkàn mi jáde níwájú Olúwa ni. Ẹ wo ẹsẹ 18 dáadáa. Ó dìde, ó jẹun, ojú rẹ̀ ò fà ro mọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì lóyún rárá. Kò sí ohun kan tó tíì yí padà nílé, Pẹ̀nínà orogún rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ni mo mọ̀ sí fífi nǹkan lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mi ò lè sọ fún yín pé mo ti dé ibẹ̀.

Ní ti pé ẹ tún ń gbé e, mi ò rò pé àìnígbàgbọ́ ni. Olúwa wa fúnra rẹ̀ padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta ní Gẹtisémánì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ. Mátíù 26:44 ló wà. Àti pé Pọ́ọ̀lù tó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì láti inú ẹ̀wọ̀n pé kí wọ́n má ṣe àníyàn ohunkóhun, nínú lẹ́tà yẹn náà, ní orí 2:20, ó yin Tímótì pé òun ni yóò fi tọkàntọkàn bìkítà fún wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ló lò níbi méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ tí ẹ ní sí ọmọ yín ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹsẹ tí gbogbo wa ń kà, ẹ máa kó gbogbo àníyàn yín lé e, Pétérù Kìíní 5:7 ni. Àwọn àtìpó tó fọ́n káàkiri ni Pétérù kọ ọ́ sí, Pọ́ńtù, Gálátíà, Kapadókíà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí kò sí nílé bíi tiwa. Ọ̀rọ̀ tó pè ní kíkó lé yẹn, ibì kan péré ló tún ti wà nínú Májẹ̀mú Tuntun: Lúùkù 19:35, níbi tí wọ́n ti ju aṣọ wọn sórí ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kí Jésù lè gùn ún. Mo máa ń rò ó báyìí lóru, pé mo bọ́ aṣọ ọrùn mi, mo jù ú síbẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń ràn mí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá Mósè gbé ọmọ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ti fi ọ̀dà kùn ún kí omi má bàa wọlé, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin sì dúró lókèèrè, ó ń wò ó. Ohun tí mi ò ṣe nìyẹn. Mo gbé tèmi sínú odò, mo sáré lọ wọ ọkọ̀.

Bí ẹ bá tún pe ọmọkùnrin yín, ẹ má kọ́kọ́ bi í nípa ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sì fi ohùn àdúrà ránṣẹ́ sí i tó jẹ́ pé ìbáwí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n máa ń mọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ tọrọ fún un lóru àná, ní èdè tó máa yé e, kó kúrú. Bó bá pẹ́ kó tó fèsì, ẹ ní sùúrù. Ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi àwọn tí tiwọn ti gún régé.

Ọmọ mi ti pé 24 báyìí, ó ń pè mí, a máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá sùn sílé wa kẹ́yìn, mo jí láago 12, mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo kan orúkọ rẹ̀, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mi ò tíì ní ìgboyà láti bi í bóyá ó rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ bá mi fi ìyẹn sádùúrà, èmi náà á máa dárúkọ ọmọ yín.