Táyé ń da oúnjẹ nù, Kẹ́hìndé ń fọ ọ̀rá

Ẹ̀yin òbí tí a jọ wà ní Òkè Ọya, ẹ gbà mí o. Kubwa, l'Ábùjá, ni à ń gbé. Ọmọ ọdún 16 ni àwọn ìbejì mi, Táyé ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin. Táyé á bu ìrẹsì kún abọ́, á jẹ ìdajì, ìyókù di inú garawa pàǹtí. Kẹ́hìndé kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò, ó tiẹ̀ ń fọ ọ̀rá sá. Bàbá wọn ní bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣé lóòótọ́ ni?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kàdúná ni èmi wà, ọkùnrin sì ni mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. N kò mọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì títí ìyàwó mi fi lọ bá àbúrò rẹ̀ wẹ ọmọ ní Ìlọrin, tó lo oṣù méjì. Ọbẹ̀ tó kan mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu ò lè ròyìn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi ni mò ń ha ìdí ìkòkò.

Nínú Táyé àti Kẹ́hìndé, ta ní ń lọ ọjà? Ta ní ń dáná nínú ooru oṣù kẹta? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé Kẹ́hìndé ni.

Ọmọbìnrin mi ló kà á sí mi létí pé UNEP, ẹ̀ka àyíká Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ ní 2024 pé oúnjẹ tí aráyé fi ṣòfò ní 2022 lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù, inú ilé sì ni 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti wá. Èmi ti rò pé òde ìnáwó ni, pẹ̀lú gbogbo ìrẹsì ọjọ́ Sátidé wọ̀nyẹn. Ó ń kà á tán, ó ju agolo mílíìkì sínú pàǹtí! Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fò mọ́ agolo náà. Kò ka àjẹkù sí nǹkan kan, àmọ́ ike àti agolo kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń kó wọn jọ de baban bola, àwọn tó ń ra àlòkù kiri, owó dátà rẹ̀ nìyẹn. Irin tó bá kó jọ, ọjà Panteka ní Kàdúná níbí ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi àlòkù irin rọ ìkòkò àti àdògán. Kálukú ń tọ́jú ohun tó mọ iye rẹ̀.

Ni mo bá pààrọ̀ iṣẹ́ fún wọn. Ọkùnrin ń ná owó oúnjẹ, obìnrin ń ta ike. Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé ṣé búrẹ́dì àná ti tán ká tó ra òmíràn. Lásìkò tí tòmátì pọ̀, ó là á, ó sá a sóòrùn bí àwọn Hausa ṣe ń ṣe.

Ọ̀kan ṣì wà tó ń bí mi nínú o: ká kó ọbẹ̀ tó ti kan fún àwọn almájírì tó gbé abọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ká máa pè é ní sàárà. Kí oúnjẹ tó tutù ni ká ti yọ tiwọn. Èèpo iṣu ni kó lọ sọ́dọ̀ àgbò aládùúgbò.

Ẹ fún Táyé lówó ọjà fún oṣù kan. Kí Bàbá Ìbejì náà bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, kó fẹnu ara rẹ̀ ná ata.
Bàbá Ṣadé