Kí Ni Yóò Tú Àṣírí Ọkọ̀ Amí Lójú Sánmà?

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn àròsọ kan ni mò ń kọ, nínú èyí tí àwọn amí mẹ́rin wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan láti yọ́ wọ àgọ́ àwọn ọ̀tá lórí òṣùpá. Mo ti kun ọkọ̀ náà ní dúdú, mo pa gbogbo iná ara rẹ̀, mo sì mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láìpariwo. Síbẹ̀, àbúrò mi tí ó ń kọ́ físíìsì ní wọn yóò rí i kí ó tó dé tòsí. Kí ni mo gbójú fò?
Òǹkàwé yín, Ìjerò-Èkìtì.

Ìdáhùn: Inú mi dùn púpọ̀ pé ẹ ń fi Yorùbá kọ irú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Àwọn ọdẹ àgbègbè yín mọ̀ pé ẹtu lè má rí ọdẹ tí ó lúgọ, kí afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn ara rẹ̀ lọ bá a, kí ó sì fò sá lọ. Lójú sánmà, ooru ni òórùn ọkọ̀ yín. Ti ariwo kò tilẹ̀ jẹ́ wàhálà, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tí yóò gbé e.

Ohunkóhun tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń tan ìtànṣán tí ojú lásán kò rí, ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà ooru ń rí. Bí a bá gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkógòsì, yóò ya omi méjèèjì sọ́tọ̀ kedere, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ kan náà ni wọ́n lójú wa. Òfurufú tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín tutù tó 270 Celsius nísàlẹ̀ òdo, nígbà tí inú ọkọ̀ tí ènìyàn lè gbé kò lè dín púpọ̀ sí 20. Ọ̀dà dúdú yẹn tún ń dá kún un, nítorí pé ó ń fa ooru oòrùn mọ́ra.

Ẹ ṣe ara ọkọ̀ náà bíi fúláàsì omi gbígbóná. Òfìfo tí ó wà láàárín ògiri méjì fúláàsì ni kì í jẹ́ kí omi tí a fi po ògì láàárọ̀ tètè tutù. Bákan náà ni inú ọkọ̀ yóò ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ìta rẹ̀ yóò sì tutù. Ní apá tí ó kọjú sí oòrùn, ẹ ta ìbòrí dídán onípele púpọ̀, irú èyí tí wọ́n ta fún James Webb, awò ńlá tí a fi ń wo ojú sánmà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 2021, tí ìpele rẹ̀ jẹ́ márùn-ún.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá le, nítorí ooru tí kò ríbi jáde yóò máa pọ̀ sí i nínú ọkọ̀. Ènìyàn kan tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú nǹkan bí 100 watt sílẹ̀, bíi gílóòbù pupa àtijọ́ kan. Yìnyín ni kí ẹ fi fa ooru náà mọ́ra: kìlógírámù kan ń gbé nǹkan bí 334,000 joule ooru mì kí ó tó yọ́ tán, nítorí náà ènìyàn kan yóò yọ́ nǹkan bí kìlógírámù 26 lójúmọ́. Mo rọ̀ yín kí ẹ dín amí mẹ́rin kù sí méjì. Bí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ bá ń lo 300 watt, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí kìlógírámù 130 lójúmọ́. Bí wọ́n bá gbé 400 lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní. Ẹ jẹ́ kí a máa rí yìnyín náà bí ó ti ń di omi lábẹ́ àga wọn, kí ọ̀kan nínú wọn máa fi ìka kan án lálaalẹ́.

Ní ti rédà, ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì wá ohun tí ó wà lójú sánmà, ẹ ṣe ara ọkọ̀ ní pẹlẹbẹ tí ó dagun, kí ìgbì rédà má baà padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an.

Iná ẹ̀rọ ńlá ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ tàn án níbi tí ó jìnnà, kí ẹ pa á, kí ọkọ̀ sì máa yọ́ lọ fúnra rẹ̀. Gáàsì nitrogen tútù tó láti fi yí imú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ tí agbòòrùn ìjábọ́ lè dì mú, ọkọ̀ tí ó sì ń yí i po nítòsí ilẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 1.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tàn kí ó tó lè balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òkè, ní òru òṣùpá tí ó ń gùn tó ọjọ́ 14, kí àwọn amí náà sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Aṣọ tí wọn yóò wọ̀ rìn pẹ̀lú ní ooru tirẹ̀, nítorí náà yìnyín díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù fún un.