Bí a ṣe ń dá ọkọ̀ òkun ìkẹ́rù dúró kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́

Ìbéèrè: Ọkọ̀ ìkẹ́rù kan wà níkàáwọ́ ilé-iṣẹ́ wa tí kò rí ẹrù gbé mọ́, a kò sì retí pé iṣẹ́ yóò dé kí ọdún kan àbọ̀ tó kọjá. Ọ̀gá wa ní kí a pa gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀, kí a ju ìdákọ̀ró, kí a sì fi ọlọ́dẹ méjì sí i. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ inú rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ sí ètò yìí. Kí ni ó yẹ kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ó tọ́ bí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Owó tí ọ̀gá yín rò pé òun ń fi pa mọ́ lónìí ni yóò san ní ìlọ́po ìlọ́po lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ náà dìde.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà dá ọkọ̀ dúró. Nínú ti àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ kan ṣì ń ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ díẹ̀ ṣì ń gbé inú ọkọ̀, wọ́n sì ń dán àwọn ẹ̀rọ wò lóòrèkóòrè. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jáde láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n owó epo àti owó oṣù kò ní dáwọ́ dúró. Nínú ti èkejì, a ó pa iná ọkọ̀ pátápátá, àfi iná pàjáwìrì àti èyí tí a nílò láti fa ìdákọ̀ró, a ó sì fi ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ sílẹ̀. Láti jí ọkọ̀ tó sùn báyìí, ẹ fọkàn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, ó sì lè tó oṣù mélòó kan. Fún ọdún kan àbọ̀, ọ̀nà kejì ni èmi yóò yàn fún yín. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ṣe kí iná tó kú, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì gbóná tí àwọn tó mọ ọkọ̀ náà dáadáa kò sì tíì lọ sílé.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí àjọ tí ń yẹ ọkọ̀ yín wò, bí DNV tàbí Lloyd's Register, sí orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń lo àsíá rẹ̀, àti sí àwọn adójútòfò. Àwọn adójútòfò a máa dá díẹ̀ padà nínú owó tí ẹ san bí ọkọ̀ bá dúró síbi tó ní ààbò fún ọgbọ̀n ọjọ́ léraléra tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àfi bí ẹ bá sọ fún wọn ṣáájú.

Ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ìjì àti ìgbì kò ti ní ráyè dé, tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi rẹ̀ sì di ìdákọ̀ró mú dáadáa. Ìdí nìyí tí Odò Fal ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹsẹ̀ òkun jíjìn ti Norway fi jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ aláìníṣẹ́ ti sùn rí. Ọlọ́dẹ méjì kò tó fún irú iṣẹ́ yìí. Iná tó bá ràn, omi tó bá ń yọ́ wọlé, ṣéènì ìdákọ̀ró tó bá ń lọ́ mọ́ra wọn bí ọkọ̀ ṣe ń yí, gbogbo rẹ̀ ni ó ń fẹ́ ojú ẹni tó mọ ọkọ̀, lọ́sàn-án àti lóru.

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ni ó ń ba ọkọ̀ tó dúró sójú kan jẹ́ jù lọ. Bí irin bá tutù lóru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sí i lára, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò tó: inú sílíńdà, ẹ̀yìn páànẹ́lì iná mànàmáná, abẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá. Bí ìwọ̀n ọ̀rinrin bá kọjá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, irin a máa dógùn-ún kíákíá. Bí ó bá wà láàárín 40 sí 50, irin fẹ́rẹ̀ẹ́ má dógùn-ún rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ó wálẹ̀ ju 30 lọ, nítorí rọ́bà, gáskẹ́ẹ̀tì àti pákó yóò gbẹ débi pé wọn á máa sán. Nítorí náà, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti ihò afẹ́fẹ́ yàrá ẹ̀rọ, ẹ fi tapólì bo ẹnu ṣímínì, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin sínú. Iná díẹ̀ ni ó ń jẹ, èyí tí ẹ lè fà wá láti etíkun tàbí láti ara jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ gbé sórí ọkọ̀. Ohun tí ẹ ó fi máa wọn ọ̀rinrin, ẹ gbé e sí igun tó jìnnà jù. Bí ẹ bá gbé e sí iwájú ẹ̀rọ náà, ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni yóò máa sọ fún yín.

Ní ti ẹ́ńjìnnì ńlá, ẹ fi díísù tó mọ́ ṣiṣẹ́ nígbà ìkẹyìn títí epo dúdú yóò fi tán nínú páìpù, nítorí epo dúdú a máa dì bí ó bá tutù. Ẹ fi èròjà tí ń dènà ìpẹtà sínú omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ sì fọ́n epo ìdáàbòbò sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pinnu ọ̀kan: yálà ẹ ó máa yí ẹ́ńjìnnì náà déédéé pẹ̀lú epo tó ń kọjá nínú rẹ̀, tàbí ẹ kò ní yí i rárá. Ẹni tó ń yí i nígbà tó bá rántí, láìsí epo, ń fá epo ìdáàbòbò kúrò lára irin ni. Bí ẹ bá ń yí i, ẹ fi ẹfun sàmì sí i, kí ó má baà padà dúró síbi tó dúró sí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún mọ́tò àwọn pọ́ọ̀mpù, tí bíárìn wọn (òrùka irin tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú rẹ̀) máa ń ní kòtò kéékèèké bí ó bá ń gbọ̀n lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Bọ́ílà ní tirẹ̀, ẹ rọ omi kún un dẹ́nu pẹ̀lú kẹ́míkà tí ń pa ọ́síjìn inú omi, tàbí kí ẹ tú u gbẹ nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ fi sílíkà jẹ́ẹ̀lì, èròjà tí ń fa ọ̀rinrin, sínú rẹ̀, kí ẹ sì dí i. Omi ààbọ̀ ni ó burú jù.

Bí ọkọ̀ yín bá ń fi iná mànàmáná dáàbò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ìpẹtà, ààbò náà yóò parí lọ́jọ́ tí ẹ bá pa iná. Ẹ so ègé síńkì tàbí alumíníọ́mù sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹ fi wáyà dè wọ́n mọ́ irin rẹ̀ dáadáa. Ẹ dí àwọn ihò tí ọkọ̀ ń gbà fa omi òkun, nítorí àwọn ẹ̀dá oníkarahun á gbà wọ́n ṣe ilé.

Ìkìlọ̀ kan tí n kò lè fò: ìpẹtà ń jẹ ọ́síjìn. Táńkì tí a tì pa fún oṣù mélòó kan lè mọ́ lójú, kí ó má sì rùn rárá, síbẹ̀ kí ó pa ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé a ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tí ẹ̀rọ sì ti fi hàn pé ọ́síjìn inú rẹ̀ tó 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún.

Gbogbo ohun tí ẹ bá dí, tí ẹ bò, tàbí tí ẹ dè, ẹ fi nọ́ńbà sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tó máa jí ọkọ̀ náà lè má jẹ́ ẹ̀yin, bí ó bá sì tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí tapólì ṣì wà lẹ́nu ṣímínì, ẹ mọ bí ó ṣe máa rí. Amẹ́ríkà, tí ó ní ọkọ̀ 2,277 nípamọ́ ní 1950, rí irú ìṣòro yìí ní 1990: nígbà tí ogun Kuwait dé tí wọ́n pe àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dìídì tọ́jú fún pàjáwìrì, púpọ̀ nínú wọn kò jáde lásìkò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ tó mọ ẹ̀rọ sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Òfin pẹ̀lú kì í dúró de ọkọ̀ tó ń sùn. Èyí tó sùn ní 2016 tó sì jí ní 2024 yóò bá àdéhùn àgbáyé lórí omi tí a ń rọ sínú ọkọ̀ kí ó má baà fì (ballast water), tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, òfin 2020 tó mú súfúrù inú epo wálẹ̀ láti 3.50 sí 0.50 nínú ọgọ́rùn-ún, àti òfin 2023 lórí èéfín kábọ́ọ̀nù. Ẹ ṣírò owó àtúnṣe tí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè mú wá mọ́ owó ìtọ́jú báyìí, kí ẹ tó pa iná. Bí ọkọ̀ náà bá ti dàgbà, ó ṣeé ṣe kí ìṣirò yìí fi han ọ̀gá yín pé títà á ni ó dára jù.