Ẹ fi táìlì sílẹ̀ ná, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ògiri

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kubwa ní Abuja là ń gbé. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn kíṣìnì wa tí à ń kó ẹrù sí. Mo fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìfọṣọ, kí àwọn ọmọ sì máa bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí, èmi àti bàbá wọn la fẹ́ ṣe é fúnra wa. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri ń ṣí, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì ń hu lára rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta kẹ́míkà ní ká po tòun mọ́ sìmẹ́ǹtì, ká fi rẹ́ ògiri náà, ká lẹ táìlì lé e, pé ó parí nìyẹn. Omi ẹ̀rọ ìfọṣọ á gba ojú fèrèsé jáde sẹ́yìn ilé. Irú táìlì wo ló dáa tí kò wọ́n? Èmi ni, Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Láti Lugbe títí dé Karu, ìbéèrè yìí náà ni wọ́n ń bi mí: táìlì wo, ọ̀dà wo, kẹ́míkà wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra táìlì kankan. Ògiri yín ń mu omi. Ká máa wá táìlì fún un báyìí, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Búlọ́ọ̀kù tí a fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ṣe ní ihò tíntìntín nínú tí ojú kò lè rí. Bí ìdí rẹ̀ bá jókòó sínú ilẹ̀ tútù, tí wọn kò sì tẹ́ ọ̀rá tó ń dá omi dúró sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, á máa fa omi sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Omi náà kì í dá wá, ó ń kó iyọ̀ inú ilẹ̀ àti ti inú sìmẹ́ǹtì dání. Tó bá dé ojú ògiri, atẹ́gùn á gbé omi lọ, iyọ̀ á kù. Òun ni ìyẹ̀fun tí ẹ rí. Ó ń dì lábẹ́ ọ̀dà, ó ń wú, ó sì ń ti ọ̀dà àti pilasítà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bá pẹ́ńtà yín jà, ọ̀dà kò ṣẹ̀.

Tí ẹ bá wá lẹ táìlì bò ó ńkọ́? Omi ò lọ ibì kankan. Ojú tó ń gbà jáde lẹ dí, nítorí náà á gòkè títí á fi kọjá orí táìlì, tàbí kó gba ẹ̀yìn ògiri yọ sí pálọ̀. Mo ti tú irú táìlì bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka kàn án, ẹ ó gbọ́ pé inú ẹ̀ ti ṣófo. Tí ẹ bá fi síṣẹ́ẹ̀lì gbé etí rẹ̀ sókè, á jáde ní odidi, láìfọ́, pilasítà ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ti rọ̀ débi pé èékánná lásán á họ ọ́ dà sílẹ̀. Owó táìlì, owó gọ́ọ̀mù, owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á di kíkó dànù.

Ní ti kẹ́míkà, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì kí omi má baà gbà á kọjá wà lóòótọ́, àwa náà ń lò ó fún táǹkì tí a mọ sínú ilẹ̀ àti fún dẹ́kìn, nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́tun. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ń ti inú ògiri bọ̀, tí ẹ wá fi kẹ́míkà rẹ́ ẹ láti inú yàrá, omi á máa tì í lẹ́yìn, iyọ̀ á máa gbára jọ síbẹ̀, títí á fi wó. Ó lè pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, nígbà yẹn ẹni tó tà á fún yín á ti yí nọ́ńbà padà. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kò fojú kan ògiri yẹn, kò sì béèrè ibi tí omi ti ń wá, ó kàn mọ iye gálọ́ọ̀nù tí ẹ máa rà.

Ẹ̀yin ni kí ẹ wá ibi tí omi ti ń wá, kò sì gba owó. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn ìyẹ̀fun náà kúrò, kí téèpù lè mú. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ kedere, kó tóbi tó ojú ìwé ọmọléèwé méjì, ẹ lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá, níhà ògiri, inú ògiri ni omi wà. Bó bá jẹ́ ìhà yàrá ló sẹ̀ sí, omi inú afẹ́fẹ́ yàrá ni, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ jáde sí òde. Ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń rí ọ̀ràn náà. Wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ pupa sẹ́yìn ilé, wọ́n á to íńtálọ́ọ̀kì lé e, ilẹ̀ òde á wá ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Ilẹ̀ òde gbọ́dọ̀ relẹ̀ ju ti inú lọ ní nǹkan bíi 15 sẹ̀ǹtímítà, kó sì dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ilé. Ẹ wo ibi tí omi òrùlé ń ro sí. Ẹ wo ibi tí táǹkì ń kún tó sì ń dà sílẹ̀, ẹ sì wo bí sókáwéè ṣe jìnnà sí ògiri tó.

Àǹfààní kan wà tí àwa ará Abuja ní. Láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá. Bí ògiri yín bá ṣì ń tutù nínú ọyẹ́, nígbà tí ètè ènìyàn ń là, ẹ má dá òjò nìkan lẹ́bi mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páìpù tàbí sókáwéè. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi lálẹ́, ẹ pa pọ́ńpù, ẹ sàmì sí ibi tí omi táǹkì dé. Bó bá ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nǹkan kan ń jò.

Nígbà tí ẹ bá ti dí orísun omi ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri. Ẹ gbẹ́ pilasítà tó ti bàjẹ́ dé búlọ́ọ̀kù, kó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju ibi tí àmì omi dé. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọn iyọ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, nítorí omi á kàn dá a padà sínú ni. Kí ẹ wá fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Oṣù ni mo ń sọ o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ tí ẹ ń bú yẹn á gbẹ ẹ́ ju fáànù èyíkéyìí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rẹ́ ẹ, kí sìmẹ́ǹtì má pọ̀ jù nínú yanrìn, kí ẹ sì kun ọ̀dà olómi. Ọ̀dà elépo á tún dí i pa.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé kò sí ọ̀rá ìdí ògiri rárá, mi ò lè sọ èyí tí ẹ máa ṣe láì wá wò ó. Ẹ má gbìyànjú láti yọ búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ fúnra yín, ilé lè wó lé yín lórí.

Omi ẹ̀rọ tí ẹ ní á gba fèrèsé jáde ńkọ́? Ìyá Ìbejì, ìdí ògiri kan náà lẹ fẹ́ máa bomi rin! Ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú ń tú nǹkan bíi 50 lítà dànù lẹ́ẹ̀kan ìfọṣọ, èyí tí ẹnu rẹ̀ wà lókè sì ń tú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti ọ̀pá rẹ̀ bọ páìpù tó dúró ní 60 sí 90 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, kí pílọ́mbà sì ṣe kọ̀rọ̀ tó ń gba omi dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí òórùn má baà padà wọlé. Kó lọ bá ibi tí omi ìdọ̀tí ilé ń lọ.

Ilẹ̀ yàrá lẹ lè ṣe fúnra yín, kó dà gẹ̀rẹ́ sí ojú ihò omi, kí ìdènà kékeré sì wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì kí ẹrẹ̀ má kọjá. Ilẹ̀ yìí ni táìlì yẹ, kì í ṣe ògiri: èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, tí kì í yọ̀. Ẹ béèrè àjẹkù páálí táìlì ní Dei-Dei, ọjà ohun èlò ìkọ́lé, àwọ̀ tó ṣẹ́kù kò ní pa bàtà lára. Pákó ìjókòó kan àti ìkọ́ mélòó kan tó fún àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ iná náà, ẹ má dán an wò. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná fúnra rẹ̀ lè fa 2,000 wáàtì, kò yẹ kó wà lórí ẹ̀kístẹ́ńṣọ̀n, pàápàá níbi tí ilẹ̀ ti ń tutù. Ẹ pe oníná tó mọṣẹ́, kó fa waya 2.5 mm fún un, kó sì rí i dájú pé waya tó ń gbé iná wọ ilẹ̀ (earth) ṣiṣẹ́.

Tó bá sì jẹ́ ilé háyà lẹ wà, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù lórí fóònù kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, kí ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn ilé sí i, kí ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀. Lójú tèmi, owó iṣẹ́ òde yẹn, àpò tirẹ̀ ló yẹ kó ti jáde.