Òwe ta ló bá a mu: "Yinni yinni" tàbí "Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí"?

Tíṣà eré ìdárayá kan ní Akúrẹ́ ló béèrè. Lẹ́yìn ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama agbègbè wọn, àwọn kóòṣì yan agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tó peregedé jù láti inú onírúurú ikọ̀, wọ́n sì fún wọn lámì-ẹ̀yẹ. Inú bí bàbá ọmọ kan. Ó ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, gbogbo ikọ̀ ló yẹ kí wọ́n yìn. Kóòṣì kan dá a lóhùn pé, "Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn." Òwe ta ló bá ọ̀rọ̀ mu?

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Tíṣà. Òwe bàbá yẹn ń sọ bí iṣẹ́ àná ṣe di ṣíṣe, ife-ẹ̀yẹ tí ẹ gbé fún odindi ikọ̀ sì ti san gbèsè ìyẹn. Iṣẹ́ tó ń bọ̀ ni ti kóòṣì ń sọ. Ẹ wo ìyá tó fẹ́ rán ọmọ lọ pọnmi láàárọ̀: á pè é ní Àkànní, á ki oríkì ìdílé bàbá rẹ̀ dé ìlàjì, kó sì tó dárúkọ omi, ọmọ ti gbé korobá. Bí yinni yinni ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Hakeem Olajuwon, agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Láti sáà 1946–47 ni líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó di NBA ní Amẹ́ríkà ti ń yan àwọn tó dára jù lọ́dọọdún. Láti 1989, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni, márùn-ún márùn-ún. Ìgbà 12 ni Olajuwon wọ̀ ọ́, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀wọ́ kìíní. Ní 1994, òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo líìgì. Ní 1995, ọ̀wọ́ kẹta ni wọ́n fi í sí. David Robinson ti San Antonio, tí wọ́n jọ ń gbá ipò kan náà, ló wà ní ọ̀wọ́ kìíní. Àwọn méjèèjì wá pàdé nínú ìdíje àṣekágbá ẹkùn ìwọ̀-oòrùn. Olajuwon á fi èjìká tàn án síhìn-ín, Robinson á fò, Olajuwon á yí sọ́hùn-ún, á sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Houston, ikọ̀ Olajuwon, borí pẹ̀lú 4–2, wọ́n sì gba ife ọdún náà. Ní 1997, Olajuwon padà sí ọ̀wọ́ kìíní. Ẹ sọ ìtàn yìí fáwọn ọmọ tí ẹ ò pe orúkọ wọn.

Àmọ́ ibì kan wà tí mo ti gbè sẹ́yìn bàbá yẹn gidigidi. Ọmọ kan wà nínú ikọ̀ yín tó máa ń dúró gbagidi kí ẹlòmíràn lè ráyè ju bọ́ọ̀lù, ìwé ayò kì í sì í kọ orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù wọlé nìkan lẹ ń yìn, tó bá dìgbà míì, gbogbo wọn ni yóò fẹ́ jù ú, kò sì ní sẹ́ni tí yóò fún ẹnì kejì. Ohun tí ẹ bá yìn ni wọn yóò ṣe mìíràn rẹ̀. NBA mọ èyí, ni wọ́n ṣe ń yan àwọn olùdènà lọ́tọ̀ láti sáà 1968–69. Láti sáà 2023–24 náà, òfin ní kí ẹni tí wọn yóò yàn sí ọ̀wọ́ ti gbá tó eré 65 nínú 82 tó wà ní sáà kan, torí yíyọjú sí eré náà ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣe mìíràn rẹ̀.

Nítorí náà, Tíṣà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí kóòṣì kankan dìbò fún ọmọ tirẹ̀. Bí ẹ bá sì ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an, kí ẹ sì ní kó dárúkọ ẹni tó ń fún un ní bọ́ọ̀lù, kí onítọ̀hún náà dìde, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.