Báwo ni yàrá abẹ́ páànù ṣe lè tutù nígbà ooru láìra ẹ̀rọ amúlétutù?

Ẹ dènà oòrùn kó tó wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn òru gba inú ilé kọjá. Ohun méjì yìí ló ń dín ooru kù jù láìnáwó púpọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, oṣù kejì àti oṣù kẹta ni ooru máa ń mú jù, orí páànù sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wọlé. Páànù tó ti dípẹtà máa ń fa ooru mọ́ra gan-an. Bí ẹ bá fi ọ̀dà funfun kùn ún, yóò dá púpọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn padà. Ilé tí kò ní sílìn ni èyí ṣe pàtàkì fún jù.

Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ti fèrèsé tí oòrùn kọjú sí, kí ẹ fa kọ́tìnì bò ó. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọra. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ wà lójú wọn o.

Fáànù kì í mú yàrá tutù, òógùn ara ló ń bá wa gbẹ. Ẹ pa á tí ẹ bá ń jáde.

Aṣọ tó rin tí a ta sójú fèrèsé máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ọyẹ́, torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ní Èkó, tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.